Laozihao: ṣé "ṣọ́ọ̀bù àtijọ́" la ó máa pè é?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Mo ka àtúmọ̀ tí ẹnì kan nínú wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó dá lórí Dashilan, àdúgbò ìtajà kan ní Beijing. Ó pe ibẹ̀ ní "ọjà Ṣáínà àtijọ́", ó sì pe àwọn ìsọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó lórúkọ níbẹ̀, tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní laozihao, ní "ṣọ́ọ̀bù àtijọ́". Iṣẹ́ náà dára, mo sì kí ẹni tó ṣe é. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Ẹ wo "ọjà Ṣáínà" ná. Létí ọmọ Yorùbá òde òní, kì í ṣe ibi ìtajà ní Ṣáínà ni gbólóhùn yẹn ń tọ́ka sí. Ẹrù tó ti Ṣáínà wá ni, ẹrù pọ́ọ́kú tí ẹni tó rà á ń fọkàn bẹ̀ ẹ́ kó tọ́jọ́. Ibi tí a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bàtà aláṣọ tí wọ́n ń tà ní Neiliansheng níbẹ̀, wọ́n á to aṣọ lé aṣọ di àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á wá fọwọ́ rán an, abẹ́rẹ́ á gún un ju ìgbà 2,100 lọ lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá pe irú ibẹ̀ ní ọjà Ṣáínà, òǹkàwé á ti gbọ́ òdìkejì rẹ̀ kó tó dé ìlà kejì.

Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ẹ̀yìn ibodè Zhengyangmen ló wà, lápá gúúsù, ibodè tí àwọn ará Beijing ń pè ní Qianmen, ìyẹn Ibodè Iwájú. Láyé àwọn ọba Ming àti Qing, wọ́n máa ń fi igi ṣe ìdènà sẹ́nu àwọn ọ̀nà tóóró ìlú, wọ́n á tì í lálẹ́ nítorí olè. Àwọn oníṣòwò ibí yìí dáwó jọ ṣe tiwọn, ó sì tóbi ju ti àwọn yòókù lọ. "Ìdènà Ńlá" ni orúkọ náà. Ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ "Ọgbà Ńlá", ṣùgbọ́n ọgbà á mú kí èèyàn máa ronú nípa òdòdó tàbí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń pè é náà tún wà níbẹ̀: bí a bá ka lẹ́tà rẹ̀ bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe wí, Dazhalan ni, àmọ́ Dashilar ni ọmọ Beijing ń pè é, ahọ́n á ká sókè níparí. Ẹnu onílùú ni kí á tẹ̀ lé.

Ó wá ku laozihao. Ohun tó bá jẹ́ ti àtijọ́ ti kọjá lọ. Owó àtijọ́ kò ṣeé ná. Ilé egbòogi Tongrentang bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1669, ó ń kó oògùn lọ sí ààfin láti ọdún 1723, wọ́n sì ṣì ń wọn egbòogi lórí káńtà rẹ̀ lónìí. Ìsọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́.

Àwọn kan dábàá "ìsọ̀ ìbílẹ̀". Irú ọjà tí wọ́n ń tà ni ìyẹn ń sọ, kò sọ iye ọdún. Ẹni tó ṣí ìsọ̀ àgbo lánàá náà ń ta ọjà ìbílẹ̀.

Èmi fúnra mi ti kọ́kọ́ fẹ́ràn "ìsọ̀ àrólé" gan-an. Àrólé ni ọmọ tó dúró nínú ilé bàbá rẹ̀ kí iná má baà kú. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo rántí ọdún 1956. Ọdún yẹn ni ìjọba Ṣáínà da òwò aládàáni pọ̀ mọ́ ti ìjọba, tí ọwọ́ àwọn ìdílé sì kúrò lórí ìsọ̀ bàbá wọn. Àrólé ò sí mọ́, orúkọ nìkan ló kù lójú pátákó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè laozihao dáni lọ́lá lọ́dún 2006, orúkọ 430 ló kọ́kọ́ gbà á, ó sì di dandan kí orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1956 tàbí ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 2023 wọ́n yí òfin náà sí àádọ́ta ọdún ó kéré tán, wọ́n sì yọ orúkọ 55 kúrò. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba lè fi lẹ́tà yọ èèyàn nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Zihao ni orúkọ tí wọ́n kọ sójú pátákó ìsọ̀. Wọ́n máa ń ní oníṣòwò tí a lè fọkàn tán ní "pátákó oníwúrà", ẹni tó bá sì ba iṣẹ́ jẹ́ ti "fọ́ pátákó". Orúkọ yìí kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó dá ìsọ̀ sílẹ̀. Zhao Ting ló dá Neiliansheng sílẹ̀ lọ́dún 1853, ṣùgbọ́n "nei" ń tọ́ka sí inú ààfin, "liansheng" sì jẹ́ ìgbéga léraléra, àdúrà fún àwọn ìjòyè tó ń ra bàtà níbẹ̀. Ruifuxiang, ìsọ̀ aṣọ ṣẹ́dà, fi orúkọ kòkòrò kan inú ìtàn wọn sáàárín: bí o bá fi ẹ̀jẹ̀ ìyá kòkòrò náà pa owó kan, tí o fi ti ọmọ rẹ̀ pa òmíràn, èyí tí o bá ná á padà wá bá èkejì rẹ̀. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ wọ̀nyí náà ni ará Beijing fi ń yangàn láyé ọjọ́un: Majuyuan lórí, Neiliansheng lẹ́sẹ̀. Wọn ò dárúkọ fìlà tí Majuyuan ń tà, wọn ò dárúkọ bàtà.

Nítorí náà, "àgbà orúkọ" ni mo dábàá. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí n kọ ọ́ ní "orúkọ àgbà". Rárá o. Orúkọ àgbà ni orúkọ tí ẹni àgbà ń jẹ́. Bí àgbà bá ṣíwájú, ìtumọ̀ yí padà: àgbà ọ̀jẹ̀, àgbà òṣèré, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó sì dáńtọ́. "Lao", tó túmọ̀ sí ogbó, náà rí bẹ́ẹ̀. Òun ló wà nínú laoshi tí wọ́n ń pe olùkọ́, bí olùkọ́ náà tilẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ogbó nìkan.

Ẹ jẹ́ ká sì fi ìsọ̀ rọ́pò ṣọ́ọ̀bù. Lójú tèmi, inú "ẹ bá mi sọ̀", tí aláàárù ń wí nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló ti wá, ibi tí ẹrù ti ń kanlẹ̀.

Gbólóhùn tó ṣíwájú nínú àtúmọ̀ náà á wá kà báyìí: "Ní Dashilar, lẹ́yìn Ibodè Iwájú, ìsọ̀ àgbà orúkọ ló tò lọ lọ́tùn-ún lósì." Ibi tí mo ṣì há sí ni "ren" inú Tongrentang. Àtúmọ̀ náà kọ "àánú". Èmi ń wò ó pé ìwà ọmọlúàbí ló sún mọ́ ọn jù. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?