Àbúrò mi fẹ́ jáwọ́ nínú tírámádó: èwo ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì Iléṣà:
Ẹ kú ojúmọ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń gun ọ̀kadà níbí. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní páàkì bá fún un ní tírámádó. Ọdún kẹta rèé, ó ti di hóró 225 mílígíráàmù mẹ́rin lójúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ó sú òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbìyànjú láti jáwọ́ nínú yàrá mi. Kó tó di alẹ́, ó ti ń yán léraléra, imú ń ṣomi, irun ara rẹ̀ dìde, awọ ara wá dà bíi ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Lóru, ó ń ta ẹsẹ̀ mọ́ ògiri, gbì, gbì, títí ayálégbé kejì fi wá kanlẹ̀kùn pé ṣé iyán là ń gún ni. (Ìjẹ̀ṣà ni wá, ẹ bá a wí o!) Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ó ti lọ ra òmíràn.

Ẹnì kan lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà ní ká dè é mọ́lẹ̀ fọ́sẹ̀ kan. Ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ oorun wà, tó bá fi máa jí, oògùn ti tán lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì nÍfẹ̀:
Ẹ má dè é o, Ìyá Ìbejì. Tírámádó máa ń fa gìrì, àgbàlagbà ò yọ sílẹ̀. 225 mẹ́rin jẹ́ 900 mílígíráàmù. 400 ni òpin tí dókítà ń kọ lójúmọ́. Bó bá sì dá a dúró lójijì, ẹlòmíràn máa ń rí ohun tí kò sí. Dókítà lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ò la ariwo lọ.

Oògùn wà tí wọ́n fi ń rọ ìyà ìjáwọ́. Clonidine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń rọ òógùn àti àyà tó ń já, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ran àìsùn lọ́wọ́, kò sì pa ọkàn tó ń fà sí i. Èmi kì í fúnni láì kọ́kọ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Bó bá wálẹ̀ ju 90/60, a ó dúró.

Buprenorphine, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi sí. Ẹbí tírámádó lòun náà, ó kàn ń di ara mú. Àwọn tó ń lò ó parí ìtọ́jú ju àwọn tó ń lo clonidine lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú: bí oògùn àtijọ́ bá ṣì kún ara, yóò lé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìyà yẹn á sì dé pọ̀. A máa ń dúró kí yíyán àti imú yẹn bẹ̀rẹ̀. Methadone náà wà, ẹbí kan náà ni, àmọ́ ìyẹn ń fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù.

Ti abẹ́rẹ́ oorun yẹn, ẹ jìnnà sí i. Ní New York lọ́dún 2012, ilé ìwòsàn kan ṣe é fún ènìyàn 75. Méjì kú, wọ́n gbé 5 mìíràn dé ọsibítù.

Ọmọ Lágéré:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá a jà lẹ́ẹ̀mejì. Clonidine ni wọ́n fún mi. Mo dìde kíá láti lọ tọ̀, ilé yí, mo bá ara mi nílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló burú jù. Lọ́jọ́ keje mo jẹ ẹ̀bà.

Ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni ẹ̀yìn ìyẹn. Mo padà sí páàkì, mo lo iye tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, ara ti gbàgbé ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó gbé mi. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ta ọ̀kadà, mo sì ń lọ rí agbaninímọ̀ràn ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan. Ẹ bi ọsibítù pé kí ló kàn lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá. Bí wọn ò bá ní èsì, ẹ wá ibòmíràn.

Ìyá Ìbejì Iléṣà:
Ẹ ṣé gan-an. Mo kà á sétí ẹ̀. Ó ní òun ò ní ta ọ̀kadà, àmọ́ òun máa kúrò ní páàkì yẹn. Lọ́jọ́ Ajé a ń lọ sí ọsibítù Wesley Guild, kí wọ́n júwe ibi tó yẹ fún wa. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí Màámi gbọ́. Wọ́n ti gbọ́ tipẹ́. Àwọn ni wọ́n fún mi lówó káàdì.