"A" àti "the" fún àwọn ọmọ kékeré: kí la ó máa pè wọ́n?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá pé kí a máa pe "a", "an" àti "the" inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní "ọ̀rọ̀ aṣíwájú", torí pé iwájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n ń wà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ṣebí "big" náà ń ṣíwájú "house", "two" ń ṣíwájú "books"? "Átíkù" (ìyẹn "article" Gẹ̀ẹ́sì) tí ẹlòmíì dábàá ńkọ́? Orúkọ olóṣèlú làwọn ọmọ máa gbọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Gírámà wa ti ní ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ̀yán aṣàfihàn la ń pe "náà", "yìí" àti "yẹn". Ẹ̀gbẹ́ wọn ni kí "the" wá jókòó. Àmọ́ kí olùkọ́ má kàn sọ fọ́mọ pé "the" ni "náà", "a" ni "kan", kó sì kọjá lọ. "Oòrùn mú lónìí" la máa ń sọ, a kì í fi "náà" sí i. Ọmọ tí wọ́n fi "náà" kọ́ á wá sọ pé "Sun is hot". "Olùkọ́ ni màmá mi" náà kò ní "kan", ló bá di "My mother is teacher". "Kan" tiwa ní ẹrù tirẹ̀: ẹni tó ní "mo fẹ́ ra aṣọ kan" ti ní aṣọ náà lọ́kàn; ẹni tó ní "mo fẹ́ ra aṣọ" lè má tíì ní in. "A" kò bìkítà, ó gba méjèèjì.

Àlọ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. "Ọba kan wà. Ọba náà ní ọmọbìnrin kan. Ọmọbìnrin náà rẹwà." Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìtàn gba "kan", tó bá tún yọjú, ó di "náà". Níbí, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ṣe rẹ́gí, ọmọ á sì ti lò ó kó tó gbọ́ orúkọ gírámà kankan. Ẹ má kánjú o: nínú ìwé tí Roger Brown, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè, tẹ̀ jáde ní 1973 nípa ọmọ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, "-ing", "in" àti "on" ti dúró dáadáa lẹ́nu wọn kí "a" àti "the" tó dúró. Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè abínibí wọn!

"An" ní tirẹ̀, etí ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, kì í ṣe ojú: "an hour", "a university".

Fún kíláàsì ńlá, mo dábàá "ẹ̀yán àmọ̀tẹ́lẹ̀" fún "the", torí gbogbo wa la ti mọ oòrùn tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yán àìmọ̀tẹ́lẹ̀" fún "a" àti "an". "My" kò bá wọn wọlé, arọ́pò-orúkọ la ń pe "mi". Ta ló ní orúkọ tó lè kó "my", "this" àti "some" pọ̀ sójú kan?