Ọ̀rọ̀ omi ló gbà mí lọ́kàn jù nínú ọgbà orí òrùlé mi

Àwọn tó ń gbin nǹkan sórí òrùlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí irúgbìn. Ní tèmi, omi ni mo kọ́kọ́ rò.

Kọnkéré ni wọ́n fi da òrùlé mi, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí n tó gbé ohunkóhun gòkè, mo pe ẹ́ńjíníà ilé kíkọ́ kan wá wò ó. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé báwo ni ẹrù náà yóò ṣe wúwo tó. Lítà omi kan, kílò 1 ni. Tí èèyàn bá da erùpẹ̀ ilẹ̀ lásán sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tí òjò wá rin ín gbingbin, ẹrù orí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, á lé ní kílò 300. Ó ní ara ògiri tó gbé òrùlé dúró ni kí n to àwọn ìkòkò ńlá sí, kí n má kó wọn sáàárín. Ilẹ̀dú tí mo pò mọ́ èèpo àgbọn lílọ̀ ni mo ń lò, torí ó fúyẹ́ ju erùpẹ̀ lásán lọ. Ìkòkò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni mo gbin tòmátò sí. Ẹ̀fọ́ ò nílò tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde tún ṣe pàtàkì. Mo fi bíríkì gbé gbogbo ìkòkò kúrò nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ wọn, kí ilẹ̀ náà sì gbẹ. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ewé kan ṣoṣo, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ni omi bá dúró sórí òrùlé bí adágún. Bí mo ṣe ṣí i kúrò báyìí, omi ya lọ. Látìgbà náà ni mo ti fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ẹnu ihò náà, mo sì máa ń ṣa ewé tó bá kó jọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gan-an lọ̀tá omi lókè yìí. Ọ̀sán ò ní tíì pọ́n tí ewé tòmátò á ti máa ká wọlé. Tí ilẹ̀dú bá gbẹ jù, ó máa ń sún kúrò lára ìkòkò. Omi téèyàn bá bù sí i á kàn gba ẹ̀gbẹ́ yọ nísàlẹ̀, àárín ibi tí gbòǹgbò wà á ṣì gbẹ táútáú. Ẹ má jẹ́ kí omi tó ń jò lábẹ́ ìkòkò tàn yín o. Ẹ ti ìka bọ inú ẹ̀ wò. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń bu omi sí irú ẹ̀, màá dúró kó mu ún, màá tún bu sí i. Koríko gbígbẹ tí mo tẹ́ sórí ilẹ̀dú ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ni mo ta síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, mi ò lo pákó, torí afẹ́fẹ́ tó bá kọlu pákó á gba orí rẹ̀ kọjá, á wá máa yí gbirigbiri lórí ewéko lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí àgbá omi òjò mi wà nísàlẹ̀, tí mo ń pọn omi gòkè. Àgbá lítà 200 ni. Tó bá kún, kílò 200 ni yóò dúró sójú kan.