Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé ìfò tí mo ń mú àwọn eku mi fò ti pọ̀ jù fún eegun wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìwé àṣekágbá mi dá lórí bí ẹrù àti ìgbòkègbodò ṣe ń mú eegun le, eku funfun méjìlá ni mo sì ń lò. Mo kan àpótí pákó kan fún wọn, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40. Eku á fò láti ìsàlẹ̀, á fi ẹsẹ̀ iwájú rọ̀ mọ́ etí àpótí, á gòkè, lẹ́yìn náà ni màá tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni eegun yóò ṣe le tó, nítorí náà ìfò 200 ni mo ń gbà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láràárọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, láìsinmi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀kan nínú wọn ti ń tiro. Bí mo bá gbé e sórí tábìlì, á ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún rẹ̀ sókè, ṣóńṣó ìka nìkan ni yóò kan pákó. Àwọn yòókù náà ti ń lọ́ra. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi kò sí nílé. Ṣé kí n máa bá a lọ ni, àbí kí n dín in kù? Ọkàn mi kò balẹ̀, torí n kò fẹ́ fìyà jẹ ẹran tí kò ṣẹ̀ mí.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Àbúrò mi, dá ìfò náà dúró lónìí. Ya eyí tó ń tiro sọ́tọ̀, tẹ́ ohun rírọ̀ sílẹ̀ fún un, kí o sì wá oníṣègùn ẹranko kó yẹ ẹsẹ̀ náà wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí o tún fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ kí ó mọ̀ níbi tó wà.

Ní ti ìbéèrè rẹ gan-an, mo ti bá wọn tọ́jú eku nínú yàrá ìwádìí fún ọdún mélòó kan, mo sì mọ̀ pé eegun kì í ka iye. Ní ọdún 1997, Umemura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan mú àwọn eku fò lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: àwọn kan fò ní ìgbà 5 lójúmọ́, àwọn mìíràn 10, 20, 40, títí dé 100. Àwọn tó fò ní ìgbà 5 péré ti ní eegun tó pọ̀ sí i, tó sì ṣòro láti ṣẹ́ ju ti àwọn tí kò fò rárá lọ, àfikún tí àwọn yòókù sì rí lórí ìyẹn kéré. Ìwọ wá ń gba 200.

Ìdí rẹ̀ ni pé inú eegun kì í ṣe òkúta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n fara sin sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní osteocyte, omi sì ń ṣàn yí wọn ká nínú àwọn ihò tín-ín-tín. Bí eegun bá tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí eku balẹ̀, omi yìí á ṣí nípò, sẹ́ẹ̀lì á sì gbọ́ ọ; á dín ohun kan tó ń jẹ́ sclerostin kù, èyí tó máa ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ eegun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń pè é léraléra láìdánudúró, etí rẹ̀ á di. Ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ kí ó tó tún máa gbọ́ dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹrù tó kàn dúró gbári lórí eegun kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan fún un. Kí ẹrù máa wá kó sì máa lọ ni ó ń fẹ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ Alexander Robling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indiana, ní ọdún 2002. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ eegun apá ìsàlẹ̀ eku nígbà tí ó sùn, ní ìgbà 360 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn kan gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn kan gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, 90 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Iye kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n pín in fún ló jèrè jù. Ohun líle (míníràlì) tó wà nínú eegun wọn kò ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní àfikún, síbẹ̀ agbára tí a fi lè ṣẹ́ ẹ fi ohun tó lé ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, nítorí ibi tí eegun ti ń tẹ̀ jù gan-an ni ó lẹ èyí tuntun mọ́.

Ọmọ Atoegun, Kétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ilé wa ni wọ́n ti ń to eegun, mo sì ti rí i láti kékeré pé bí bàbá mi bá tú igi kúrò lẹ́sẹ̀ aláìsàn, ẹsẹ̀ náà á ti rù ju èkejì lọ. Iṣan ni mo rò pé ó ń lọ. Ṣé eegun náà ń lọ ni?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ó ń lọ, àbúrò. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi okùn gbé ìrù eku sókè kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má bàa kan ilẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú ṣì ń rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, eegun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ti joro. Wọ́n ń ṣe é láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń lọ sí òfúrufú.

Ìyá Kinẹ́, Àjàṣẹ́:
Ọmọ mi, kinẹ́ ni iṣẹ́ mi, ìyẹn fífi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú iṣan àti eegun, ohun méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, àwọn eku wọ̀nyẹn kò tún wúlò fún ìwé rẹ mọ́, nítorí a kò lè mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ti ṣe fún wọn. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, tí wọ́n ti dàgbà tán, kí ìdàgbàsókè lásán má bàa jọ èrè ìfò lójú rẹ. Nítorí pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń fò, o kò lè fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì, bí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹsẹ̀ kan ṣe máa ń ṣe. O ní láti ní àwọn eku tí wọn kò fò rárá, ṣùgbọ́n tí o ń gbé sínú àpótí kan náà, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, tí ọwọ́ rẹ sì ń kàn wọ́n lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣẹ́ eegun, gbé eegun náà lé orí òpó irin méjì, fi okùn gbé ike kékeré kọ́ àárín rẹ̀, kí o máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́, lẹ́yìn náà ni kí o wọn ike àti omi náà.

Èkejì, má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé kí àwọn ìyá arúgbó máa fò. Eegun eku kì í sábà tú inú ara rẹ̀ palẹ̀ kí ó tún un mọ bí tiwa ṣe ń ṣe, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń rìn. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti gbẹ lè fò lẹ́ẹ̀kan kó sì kán nídìí.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun, ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé eku náà lọ: oníṣègùn ní eegun ojúgun rẹ̀ ti sán, ó sì ti fún un ní oògùn ìrora. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan pa mọ́. Bí ó bá gbà, ìfò 10 lójúmọ́ ni màá ṣe fún àwọn tuntun, 5 láàárọ̀, 5 nírọ̀lẹ́. Ọmọ Atoegun, bí bàbá bá gbà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn iye ọjọ́ tí wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó ní kí aláìsàn fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

Ọmọ Atoegun, Kétu:
Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í ka ọjọ́: ìka ni àwọn fi ń tẹ ojú ibi tó ṣẹ́ náà, bí aláìsàn kò bá ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn mọ́, àwọn á ní kó máa tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.