Kí ni èrè ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì fún ẹni tí wọ́n jọ ń du ife?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Formula 1, ìdíje eré mọ́tò yẹn, dáadáa, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Tíìmù McLaren ń lo ẹ́ńjìnnì Mercedes láti 2021, wọ́n sì fi gba ife àwọn tíìmù ní 2024 àti 2025, Mercedes tó ṣe ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, tóun náà ní tíìmù tiẹ̀, wá ń wò wọ́n lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé òfin ò gbà kí wọ́n fún oníbàárà ní èyí tí ò dáa tó tiwọn, àmọ́ ṣé owó nìkan ló wà ńbẹ̀ ni?

Èyí tó rú mi lójú jù ni ti Honda, tóun náà ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Òun àti McLaren jọ jìyà láti 2015 sí 2017, ẹ́ńjìnnì ń kú ṣáá, Alonso tó ń wa mọ́tò McLaren pariwo lórí rédíò títí, wọ́n pínyà, ni Honda bá bọ́ sọ́dọ̀ tíìmù Red Bull ní 2019, Verstappen tó ń wakọ̀ fún wọn sì fi gba ife àwọn awakọ̀ ní 2021. Ṣé ẹ́ńjìnnì ló yí padà àbí McLaren ni ò fún un láyè tó nínú mọ́tò?

Ford tó dara pọ̀ mọ́ Red Bull lórí ẹ́ńjìnnì fún 2026 ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́ àbí orúkọ ni wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn?