Ìpíngun ni mo fara mọ́: lórí orúkọ tó yẹ ká fún máítà

Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ èdè, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni ká máa pe ohun tí àwọn káfíńtà ń pè ní máítà, ìyẹn ìsopọ̀ tí wọ́n máa ń gé orí pákó méjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí wọ́n tó fi wọ́n ṣe igun férémù? Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ kọ̀wé ní ká pè é ní "ìsopọ̀ márùndínláàádọ́ta", nítorí pé dìgírì 45 ni wọ́n ń gé e. Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ní "ìlàjì-igun" ló yẹ ẹ́. Ẹnì kẹta ní ká fi fìlà bíṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé máítà náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe fìlà yẹn. Èmi mú ìkẹrin wá: ìpíngun. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ káfíńtà kí n tó di olùkọ́ èdè, mo sì ń fọwọ́ ara mi ṣe férémù títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi láti ibi tí pákó wà.

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ pé bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù, a ó gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, "Gé e ní fọ́tì-fáìfù." Ṣùgbọ́n férémù tí igun rẹ̀ jẹ́ dìgírì 90 nìkan ni 45 bá mu. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ férémù dígí onígun mẹ́fà, igun kọ̀ọ̀kan di 120, a ó sì gé orí pákó ní 60. Bó bá jẹ́ onígun mẹ́jọ, igun di 135, gígé di 67 àti ààbọ̀. Ìsopọ̀ kan náà ni, ayùn kan náà la fi rẹ́ ẹ. A ò lè máa yí orúkọ rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá yí ọkàn padà.

"Ìlàjì-igun" sún mọ́ òótọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì kí àbúrò wa fún un. Ohun tó jẹ́ kó kù díẹ̀ káàtó nìyí. Ọ̀gá mi kò ní ohun èlò kankan tí a fi ń wọn dìgírì. Á gbé pákó kan dábùú èkejì bí igun tó fẹ́ ṣe ti rí, á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ sàmì síbi tí etí òde àwọn méjèèjì ti pàdé, á tún sàmì síbi tí etí inú ti pàdé, á wá fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Ibẹ̀ ni ayùn máa gbà. Kò sí igun tí ọgbọ́n yìí kò ká. Bí pákó méjèèjì bá fẹ̀ bákan náà, ìlà náà á pín igun sí méjì ọgbọọgba, "ìlàjì" sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá fẹ̀ ní íǹṣì 3 tí èkejì fẹ̀ ní íǹṣì 2, nínú igun onídìgírì 90, apá kan á gba nǹkan bí 34, apá kejì á gba nǹkan bí 56. Máítà ṣì ni. Igun ṣì pín, àmọ́ kò pín dọ́gba.

Èdè wa sì ti ní ọ̀rọ̀ tó gba irú èyí mọ́ra tẹ́lẹ̀: pín. A lè pín nǹkan ní dọ́gbadọ́gba, a sì lè pín in kí ti ẹ̀gbọ́n ju ti àbúrò lọ, pínpín náà ni. Ìlàjì ní tirẹ̀ kò gba kí ẹnì kan ní ju ẹnì kejì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "ìpíngun" wá.

N kò jókòó sídìí tábìlì hun ún. Ẹnu ọ̀gá mi ni mo ti gbọ́ egungun rẹ̀. Férémù àkọ́kọ́ tó fi lé mi lọ́wọ́, fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ fi sí i. Arère ni igi náà, torí pé ó fúyẹ́, kì í sì í bá ayùn jà. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà, mo gbé pákó sínú àpótí onígi tí wọ́n la ojú ọ̀nà ayùn sí lára, èyí tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ti gbòòrò nítorí ọdún tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo sì gé gbogbo rẹ̀ tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Igun mẹ́ta pàdé. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, ẹnu pákó méjèèjì kò fara kanra, kọ́bọ̀ ìbá wọ àlàfo tó wà láàárín wọn. Ọ̀gá mi tẹ̀ ba, ó wò ó fínnífínní, ó ní, "O ò pín igun yẹn dáadáa." Kò pe máítà, bẹ́ẹ̀ ni kò pe fọ́tì-fáìfù. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo ṣírò rẹ̀: ojú mẹ́jọ la máa ń gé fún férémù onígun mẹ́rin, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì fi ààbọ̀ dìgírì ṣìnà sí apá kan náà, dìgírì 4 ni gbogbo rẹ̀. Igun tí a so kẹ́yìn ló máa ru ẹrù náà.

Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó kó ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́. Ìlà pẹ́ńsù ní ìbú, ti ọ̀bẹ fẹ́lẹ́, ó sì ń la ọ̀nà fún eyín ayùn. Ó ní kí n má ṣe rẹ́ ẹ kan ìlà, kí ó ṣẹ́kù bí nínípọn èékánná. Èyí tó ṣẹ́kù yìí, ìfági ló máa mú un kúrò. A kan igi ìdènà kan mọ́ orí pákó pẹlẹbẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a gbé pákó férémù tì í, a fi ẹ̀gbẹ́ ìfági lélẹ̀, a sì ń tì í lọ, a ń fà á bọ̀, títí tí ojú gígé náà fi kan ìlà ọ̀bẹ. Abẹ ìfági gbọ́dọ̀ mú gan-an, torí pé orí iṣan igi ló dojú kọ. Bó bá mú, èyí tó ń fá jáde á ká bí irun, á fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí kò bá mú, ìyẹ̀fun igi lásán ni á máa dà sílẹ̀. Kí a tó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó gbé àwọn pákó tó máa dojú kọra lé ara wọn, ó ní kí n fi ìka pa orí wọn. Bí ìka bá kọsẹ̀, gígùn wọn kò dọ́gba, igun kò sì ní pàdé bó ti wù kí gígé dára tó.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jókòó. Fá igi di fági, a fi ì- sí i, ó di ìfági. Pín igun di píngun, a fi ì- sí i, ó di ìpíngun. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá sáyé, irinṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ dì mọ́wọ́ ló sì jẹ́ ẹ̀rí fún un. Ó tún ṣeé fi pàṣẹ: "Píngun pákó yìí kí o tó lọ jẹun." Mo ka èyí sí gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé fi rán ọmọ iṣẹ́ níṣẹ́ kì í pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ibẹ̀ la ó ti rí ojú ìpíngun, èyí tí ayùn àti ìfági ti kọjá lára rẹ̀, àti àpótí ìpíngun, èyí tí mo fi ba férémù ọjọ́sí jẹ́.

Ẹnì kan ti bi mí pé kí ló dé tí n kò fi mú "ìlàgun", nígbà tí a ń sọ pé a la igi. Ó sún mọ́ làágùn jù, ibi tí òógùn sì ti ń dà lójú ènìyàn láti òwúrọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Àtakò tó lágbára jù ni ti ogún: bí a bá kọ ìpíngun láìfi àmì ohùn sí i, ẹlòmíì lè kà á bí pínpín dúkìá olóògbé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohùn òkè ló wà ní ìparí ogún, ohùn àárín ló wà ní ìparí igun, etí Yorùbá kò sì ní ṣi èyí gbọ́. Ní ti ìwé, ẹ jẹ́ ká fi àmì sí i.

Ní ti fìlà bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tó mú un wá rán wa létí ohun kan tó wú mi lórí: Àjàyí Crowther kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró, ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Inú mi dùn pé ẹni tó mọ ayùn lò wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Síbẹ̀, orúkọ fìlà kò sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Mùsùlùmí ni ọ̀gá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdajì àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. A ò rí irú fìlà yẹn rí àfi nínú àwòrán.

Ọyẹ́ ni ẹ̀rí mi tó kù. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ní gígùn, ìbú ló fi ń dín. Bí ọyẹ́ bá mú, ìbú pákó á dín, ìpíngun á ṣí láti inú, etí òde á ṣì fara kanra. Nígbà òjò, igi á wú, á wá ṣí láti òde. Bí pákó bá ṣe fẹ̀ tó ni àlàfo náà á ṣe hàn tó. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé férémù kan wá nínú oṣù kìíní, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìpíngun rẹ̀ ti ṣí nínú." N kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọ. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tí mo ń dá sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́.

Èyí tí ọwọ́ mi kò tíì tẹ̀ ni orúkọ pákó pẹlẹbẹ tó ní igi ìdènà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ní etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwa ní abetí ajá lórí, gígé rẹ̀ sì lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dá a dúró fúnra mi. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ bá ṣe káfíńtà, ẹ bá mi bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè é.