Ibi tí ẹ ti fẹsẹ̀ rìn nínú igbó tàbí létí omi nítòsí ilé: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà tó gbà á lẹ́nu mi.

Ọdún 31 ni Màámi fi ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń dúró de àwọn apẹja létí omi, orí ìdúró ni wọ́n ti ń ná ọ̀bọ̀kún àti àrọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ọjà sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa rìn, ó kéré tán ìdajì wákàtí lójúmọ́. Màámi wo nọ́ọ̀sì títí, wọ́n ní, "Kí n máa rìn lọ síbo? Ta ní í dìde nílé láìrù, láìsọ̀, tí yóò kàn máa rìn?"

N ò dá wọn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń rìn ń lọ síbì kan ni: oko, odò, ọjà, ilé àna. Títì iwájú ilé wa náà ò sì ṣe é rìn fún àgbàlagbà. Ọ̀kadà níhìn-ín, kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ́hùn-ún, eruku ń wọ̀ wọ́n nímú. Mo wá ń ronú ibi tó tẹ́jú, tó ní ibòòji, tí wọn ò ti ní máa gun òkè. Bí ọkàn mi ṣe lọ sí Erédò nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, yàrà ńlá kan ni, pẹ̀lú odi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó sì gba apá Ẹ̀pẹ́ kọjá. Ó ti tó nǹkan bí 1,000 ọdún. Bí a bá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó 160 kìlómítà. Níbi tó ga jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ẹ fojú inú wo ilé alájà mẹ́fà. Erùpẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ nínú yàrà ni wọ́n ń kó lé etí rẹ̀ lápá inú, òun ló di odi. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ wa ní opó olówó kan tí kò bímọ, Bílíkísù Sùngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun. Ojú oórì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, títí dòní làwọn ènìyàn sì ń lọ síbẹ̀ lọ gbàdúrà. Àwọn kan ní òun ni Ayaba Ṣébà. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí, nítorí ayé Sólómọ́nì fi ohun tó lé ní 1,500 ọdún ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbẹ́ yàrà yìí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò fẹ́ kí orúkọ òun parun, ìyẹn yé mi dáadáa.

Oṣù Kejì ni a lọ, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. A kì í ṣàdédé wọ igbó onígbó, nítorí náà a wá bàbá àgbẹ̀ kan tó ń dáko létí yàrà náà, a kí wọn, a sọ ohun tí a bá wá. Wọ́n mú àdá, wọ́n gé ọ̀pá kan fún Màámi, wọ́n sì mú wa gba ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ti le, ọ̀nà tí wọ́n fúnra wọn ń gbà lọ sóko.

Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ariwo ọkọ̀ ń relé. Nígbà tí a fi máa dé ìsàlẹ̀, ẹyẹ nìkan ni à ń gbọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù bí inú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ògiri pupa ló dúró lọ́tùn-ún àti lósì wa, igi ti dorí kodò láti òkè wá bò wá, oòrùn wá ń já bọ́ sílẹ̀ ní èépá èépá.

Màámi fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà. Nǹkan tútù kan bò ó, àwọ̀ ewé, ó múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán, ìrì àárọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ojú ìka wọn márààrún wà níbẹ̀ kedere. A dúró tì í. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wú padà, ìka kékeré ló kọ́kọ́ parẹ́. Wọ́n ní, "Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń gba inú irú kòtò yìí lọ sóko. A ò mọ̀ pé nǹkan ni."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ewé eéran. Ó pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, ewé gbàràgàdà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú Màámi là! Wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá, bàbá ní kí wọ́n máa já a. Láti ìgbà yẹn, àwọn ni wọ́n ń ṣíwájú wa. Wọ́n á já mẹ́rin níhìn-ín, wọ́n á já mẹ́ta lọ́hùn-ún, wọ́n ń kà wọ́n sórí ara wọn, wọ́n ń sọ iye ẹni tí àwọn ó se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún. A lò tó wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú yàrà yẹn, wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀kan pé níbo là ń lọ. Nígbà tí a ń padà, wọ́n ká ìborùn wọn ṣe òṣùká, wọ́n gbé ẹrù ewé lé orí, ọrùn wọn sì nà tààrà bí ìgbà tí wọ́n ń ru agbọ̀n ẹja.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ìjàlọ. Bàbá ké pé "Ẹ dúró!", ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti bọ́ sáàárín wọn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti dé itan. Igi ńlá kan ni mo sá sí lẹ́yìn, mo bọ́ ṣòkòtò, mò ń ṣa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, kí ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú rẹ̀. Ẹ má sì lọ lẹ́yìn òjò, amọ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀ bí ilá.

Ohun kan dùn mí. Nígbà tí a fẹ́ jáde, a dé ibi tí katakata ti gé odi náà já. Ilẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú egbò, ipa táyà wà níbẹ̀. Bàbá ní erùpẹ̀ ni wọ́n wá kó láti fi dí ilẹ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Láti 1995 ni orúkọ Erédò ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO pé ó yẹ kí wọ́n dá mọ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tó dúró fún 1,000 ọdún, ọjọ́ kan péré ni katakata fi ń mú un kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ lápá ibẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ wo ohun tó wà lórí ilẹ̀ yín kí ẹ tó pe ẹni tó ń wakọ̀ náà.

Tíṣà, Àgbádárìgì

Ẹ ṣé gan-an, Ọmọ Ẹlẹ́ja. Ẹ bá mi kí Màmá.

Ọmọ Ẹ̀gùn ni mí, ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Iyanrìn ni ìrìn tèmi. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gúnlẹ̀ sí Gbẹ̀rẹ̀fù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà kan ti gba àárín igi àgbọn lọ tààrà sí etí òkun. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ẹni tí kò kánjú á fi nǹkan bí ìdajì wákàtí rìn ín. Ọ̀nà yìí ni wọ́n mú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbà lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, ìtàn sì ní wọ́n máa ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Mo kó ọmọ 23 lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń ṣa èso àgbọn kéékèèké tó rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí kànga, mo sọ ìtàn náà fún wọn. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì bi mí pé, "Tíṣà, ṣé wọ́n wọ bàtà?" Mo ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi há abíyá. Àwọn yòókù wò ó, wọ́n ń bọ́ tiwọn. Èmi náà bọ́ tèmi. Oòrùn ti ń mú nígbà yẹn, iyanrìn ti ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ títí a fi gbọ́ ariwo òkun. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ òwò ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọjọ́ tó yé mi tó ọjọ́ yẹn.

Àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀ tí wọn ó fẹ́ gbé yín. Bí ara yín bá le, ẹ má gùn ún, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ tètè dé, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ mú omi mímu dání. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wọ inú òkun náà, ìgbì rẹ̀ kì í bá ènìyàn ṣeré.

Ọmọ Báyékù, Ìkòròdú

Ìtàn tèmi ò gùn. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí wa sí, ilẹ̀ àbàtà ló yí wa ká. Ọ̀nà tóóró kan wà tí àwọn apẹja ń tọ̀ lẹ́yìn ilé wa, mo sì máa ń tọ̀ ọ́ láràárọ̀ Sunday kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú oró àti òṣíbàtà bo omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lékeléke dúró lórí wọn, funfun báláú. Títí dòní, tí wọ́n bá fò kọjá, mo ṣì máa ń na èékánná sí wọn bí a ti ń ṣe léwe.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀nà etí omi kì í ṣe ọ̀nà kan náà látoṣù dóṣù. Ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ jù tí wọ́n sì ṣí omi Ìsédò (dáàmù) Ọ̀yán sílẹ̀, Odò Ògùn máa ń kún, Májídùn àti Ajégúnlẹ̀ lápá Ìkòròdú níbí ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni mo jáde lọ́jọ́ kan. Mo rí koríko tó tẹ́ lọ rẹrẹ, mo rò pé ilẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi wọlé dé orúnkún, mo fà á, kò wá. Láti ẹ̀yìn ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń tu ọkọ̀ pé, "Bùrọ̀dá, ẹ má jà á! Ẹ jókòó!" Mo jókòó sínú omi bí ó ti wí, ẹsẹ̀ náà sì tú jẹ́jẹ́. Ó na àjẹ̀ rẹ̀ sí mi, mo dì í mú, bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ di òní. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀pá ni mo fi ń kan ilẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin obìnrin tó bá fẹ́ wá sápá Ìkòròdú, ẹ kọ́kọ́ bi onílé léèrè bóyá ọjọ́ orò ni. Ẹ má fojú kékeré wò ó.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ Ẹlẹ́ja, ẹ jọ̀ọ́, orúnkún ló ń yọ màmá tèmi lẹ́nu, kì í ṣe ẹsẹ̀ wíwú. Ṣé wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà yẹn?

Ọmọ Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ìyá Ìbejì, inú yàrà gan-an ò le, ibi tí a ti ń wọ̀ ọ́ ló ṣòro. Màámi fi ìdí jókòó níbì méjì kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, èmi wà níwájú, bàbá wà lẹ́yìn. Bí orúnkún bá le gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn lórí, ní ẹ̀gbẹ́ odi, ibòòji wà níbẹ̀ náà, wọ́n á sì máa wo ìsàlẹ̀. Ẹ bi dókítà wọn léèrè ná.

Tíṣà, mo ka tiyín fún Màámi. Wọ́n ní kí n tún apá ibi tí ọmọ yẹn ti bọ́ bàtà kà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù lẹ́yìn Iléyá. Mo ní ewé eéran ò sí níbẹ̀ o, iyanrìn ni. Wọ́n ní ṣebí àgbọn wà.

Ọjọ́ Sátidé yìí, a tún ń padà sí Erédò. Agogo méje ni a ó kúrò nílé. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó wá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn. Ewé tí a já lọ́jọ́sí ti tán.